Rọ́ọ̀kì Lálúpọn àti Àwọn Tẹ́ẹ̀pù Tí Wọ́n Tì Mọ́lé

Mọ́kànlá. Iye tẹ́ẹ̀pù tó ṣẹ́ kù nìyẹn nínú gbogbo orin rọ́ọ̀kì tí èmi àti ọ̀gá mi gbà sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé òpin ogun abẹ́lé. Nígbà kan, odindi yàrá ni wọ́n kún, láti ilẹ̀ títí dé àjà. Ọ̀gá àgbà tó wà níbẹ̀ báyìí ló sọ iye náà fún mi nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Bó sì ti sọ ọ́ tán ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí iye yẹn jáde o. Àwọn èèyàn á máa bi wá pé àwọn yòókù dà."

Mo ní ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi yín gan-an nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e sí iwájú ọ̀rọ̀ mi, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ti ní fò ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú lórí iṣẹ́ tí ẹ óò yàn, nídìí gbígba ohùn sílẹ̀ ni mo lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi. Ẹ máa ń gbọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ẹ máa ń gbọ́ olórin, ṣùgbọ́n ẹ kì í bèèrè orúkọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì, tó ń wo abẹ́rẹ́ kékeré kan bó ṣe ń gbéra tó sì ń wálẹ̀ pẹ̀lú ohùn wọn. Èmi ni ẹni náà. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò ní ìtàn nínú: mo kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì jáde ní yunifásítì, wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, mo sì lọ. Owó oṣù rẹ̀ kò tó fi ṣe fáàrí, kò sì burú débi tí ebi fi pa mí. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Ọ̀gá Àdìó ni wọ́n fi mí lé lọ́wọ́. Ìjọba ti rán wọn lọ sókè òkun láti kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbé ìgbàgbọ́ kan bọ̀ wálé: pé ohùn tí kò bá mọ́ kò yẹ kó wọ etí ọmọlúàbí. Ìró tó bá ń họ, tó bá ń gbọ̀n, tó bá fọ́, ọ̀tá Ọ̀gá Àdìó ni. Wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi òwú àti sípíríìtì nu ibi tí tẹ́ẹ̀pù ti ń fara kan irin ẹ̀rọ, kí n sì máa gé tẹ́ẹ̀pù. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka kan ṣoṣo gé ohùn lórí kọ̀ǹpútà, abẹ ìfárí ni àwa fi ń gé e. A ó fọwọ́ yí réèlì, kẹ̀kẹ́ tí a ká tẹ́ẹ̀pù mọ́, síwá sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí a ó fi gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. A ó fi pẹ́ńsù funfun sàmì síbẹ̀, a ó dá a gé, a ó sì lẹ orí méjèèjì pọ̀. Bí o bá fi díẹ̀ ṣì í gé, gbólóhùn ọlọ́rọ̀ ti lọ nìyẹn.

Ọ̀gá á dúró sẹ́yìn mi, wọn á ká ọwọ́ lẹ́yìn.

"Fúnmi, kí lo gbọ́?"

"Ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́, sà."

"Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni. Ṣáájú ọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

"Ọkùnrin yẹn fa imú. Yí i padà. Bí o kò bá gbọ́ ìgbà tó fa imú, báwo lo ṣe máa gbọ́ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́?"

Inú máa ń bí mi gidigidi. Mo ti ka ìwé lórí bí ìró ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́, mo wá di ẹni tó ń gé imú tí àwọn kọmíṣọ́nnà ń fà. Ọ̀gá máa ń jù ú sílẹ̀ bí mo bá ṣe é dé ìdajì: "Tún un ṣe." Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan. Bí mo bá wọ yàrá, mo ti mọ̀ bóyá fèrèsé kan ṣí sílẹ̀. Bí ìyá mi bá ń sọ̀rọ̀, mo ti mọ̀ pé inú kò dùn kí ó tó sọ pé inú òun kò dùn. Iṣẹ́ tó bá ń sọ èèyàn di ẹni tó ń tẹ́tí gbọ́, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni rọ́ọ̀kì dé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọlu irọ́ méjì. Àwọn àgbà ìgbà náà ní ariwo ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà, tí wọ́n ń wọ kóòtù tí wọ́n sì ń so táì nínú oòrùn ọ̀sán, ní àfarawé òyìnbó ni. Títí di òní ni wọ́n ń tún un sọ, wọn kò sì jókòó gbọ́ orin kan tán rí. Àwọn ọmọ tí mo ń sọ kì í ṣe ọmọ olówó. Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, ọmọ tíṣà, ọmọ oníkòkó, ní Akínyẹlé, ní Ẹgbẹ́dá, ní Lálúpọn. Ara rédíò tó ti kú ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin nípa ọ̀nà tí kò dára, nípa oníwọ̀n tó ń rẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó jẹ, nípa tíṣà tó ń na ọmọ láìnídìí. Ta ló kọ́ wọn ní èyí lókè òkun? Súlè, tó jẹ́ olórin àti onígìtá ẹgbẹ́ Lálúpọn, nídìí wéré ló ti kọ́ ohùn, nínú àwọn orin tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù ààwẹ̀. Ó kàn gbé ohùn náà lé orí gìtá tó ń bú ni.

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ ètò tí a fi ń gba àwọn orin wọ̀nyí sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni èmi àti Ọ̀gá Àdìó ń gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ lọ bá wọn nílùú wọn. Ọ̀gá ń lọ nítorí iṣẹ́ ni, kì í ṣe nítorí ìfẹ́.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ sí Lálúpọn, a to máíkì sínú gbọ̀ngàn ìlú, àwọn ọmọ náà sì jáde lọ kírun Aláásàrí. Bí Ọ̀gá ti ń yẹ nǹkan wò, wọ́n rí i pé pépà dúdú inú sípíkà tí gìtá ń gbà sọ̀rọ̀ ti ya, yíya tó gùn. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹ wo ìyà tó ń jẹ ọmọ aráyé. Fúnmi, gbé gọ́ọ̀mù wá." Wọ́n kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa, wọ́n fi pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń di ojú ọgbẹ́. Iṣẹ́ àánú ni lójú wọn.

Súlè wọlé, ó gbé gìtá kọ́rùn, ó ta á. Ohùn tó jáde mọ́ gaara. Súlè dáwọ́ dúró. Ó wo gìtá, ó wo okùn iná, ó wo sípíkà.

"Ta ló fọwọ́ kan nǹkan wa?"

"Èmi ni," Ọ̀gá Àdìó fèsì tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ó ti ya, mo sì ti bá yín lẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣèyọnu, mi ò ní gbowó."

"Háà! Ọ̀gá! A wá ọ̀nà tí a ó gbà ya á títí kó tó dùn, ẹ wá bá wa tún un ṣe bàjẹ́!"

Onílù wọn ti dojú bolẹ̀ sórí ìlù, ó ń rẹ́rìn-ín. "Súlè, múra kó o lọ bá wọn kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Gìtá ẹ ti gba Jésù!"

"Ẹ fi ọwọ́ ara yín ya á?" Ọ̀gá bèèrè. "Sípíkà tó dáa?"

"Abẹ la fi ya á, sà. Bí kò bá ya, kò lè bínú."

Mo rò pé Ọ̀gá á ní ká di ẹrù wa padà sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n wọ́n tẹjú mọ́ sípíkà náà. Wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n mú abẹ tí mo fi ń gé tẹ́ẹ̀pù wá, wọ́n sì fi lé Súlè lọ́wọ́. "Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ya á bó o ṣe fẹ́."

Súlè ya á. Nígbà tó tún ta gìtá, ohùn rẹ̀ bú bí ìgbà tí òjò ńlá bá dédé bọ́ sórí páànù. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi sáré wọ ibi pupa, ibi tí wọ́n ti kọ́ mi pé kò gbọ́dọ̀ dé láéláé. Mo na ọwọ́ láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá Àdìó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí aráyé gbọ́ nìyẹn."

Mo ti pàdé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé láti ìgbà náà. Àwọn tó lè yí ìgbàgbọ́ wọn padà láàárín ìgbà tí gọ́ọ̀mù kò tíì gbẹ, wọn kò pọ̀.

Ọdún díẹ̀ ni ètò náà fi lọ, a sì kó orin jọ bí ẹni kó iṣu sáká. Lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ ọṣẹ dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ dúró, Ọ̀gá Àdìó fẹ̀yìn tì sí oko wọn ní ìhà Akínyẹlé, mo sì di ọ̀gá nínú yàrá tí mo ti ń nu irin. Àjálù tó wá dé lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ rédíò nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀. Àṣà wa ni pé orúkọ ẹni tó ra tẹ́ẹ̀pù la ń kọ sí ẹ̀yìn páálí; orúkọ olórin, inú páálí ló ń wà. Nítorí ìdí èyí, gbogbo rọ́ọ̀kì tó wà lórí pẹpẹ, ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ni "Ọṣẹ". Nígbà tí tẹ́ẹ̀pù tuntun wọ́n lọ́jà, àṣẹ jáde láti òkè pé kí wọ́n pa gbogbo ìpolówó àtijọ́ rẹ́, kí a lè rí tẹ́ẹ̀pù lò fún ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gágun. Èmi wà nílùú mìíràn, níbi tí wọ́n rán mi lọ kọ́ nípa ẹ̀rọ tuntun.

Ọjọ́ tí mo dé, mo bá àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fi tẹ́ẹ̀pù kọjá lórí irin òòfà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n sì ń to àwọn òfìfo jọ.

"Kí lẹ pa rẹ́?"

"Kò sí nǹkan kan, Àǹtí. Ìpolówó ọṣẹ lásán ni."

Kò sí ẹni tó ṣí páálí kan ṣoṣo wò. Ẹni tó fọwọ́ sí àṣẹ náà gba ìgbéga. Wọn kò kọ ọ́ síbì kankan, wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo kọ̀wé fẹ̀sùn, wọ́n dá mi lóhùn pé kí n má dá ìjà sílẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ lọ bá Ọ̀gá Àdìó lóko, mo sọ ọ́ fún wọn lórí ìdúró, láìtíì kí wọn tán.

"Gbogbo rẹ̀?" ni wọ́n bèèrè.

"Gbogbo èyí tó wà ní sítúdíò, sà."

"Ibi tí òpó rédíò wà ńkọ́? A máa ń kó díẹ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè rí nǹkan gbé sáfẹ́fẹ́ bí wáyà bá já láàárín wa. Má sunkún síbí. Lọ wò ó."

Mo lọ. Inú igbó kan ní Lágelú ni òpó náà wà. Àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan hàn mí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù, wọ́n ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n já a. Wọ́n ní ohun ìní ìjọba ni, àfi kí àṣẹ wá láti òkè. Òkè kan náà tó pàṣẹ ìparẹ́! Gbogbo ìgbà tí a bá yan ọ̀gá àgbà tuntun ni mo ń bèèrè fún àṣẹ yẹn. Mo bèèrè rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò rí i gbà, Ọ̀gá Àdìó sì kú.

Ẹ̀rọ ń yí padà ní gbogbo ìgbà náà. Kásẹ́ẹ̀tì dé, ó kéré, ohùn rẹ̀ sì ń dún ṣìì bí ìyẹ̀fun tí a ń sẹ́. Sídíì dé, kọ̀ǹpútà dé, fóònù dé. N kò sí lára àwọn arúgbó tó ń ṣépè fún kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ pé ó ti wà nígbà náà ni, òòfà kan kò ní lè jẹ gbogbo iṣẹ́ wa. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ̀rọ ń dára sí i, àwọn tó ń pàṣẹ lé e lórí kò sì yí ìwà padà.

Ní àìpẹ́ yìí ni wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ tí òpó náà wà, wọ́n sì já kọ́bọ́ọ̀dù náà nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Wọ́n pè mí nítorí pé kò sí ẹni tó kù tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó sún mọ́ ọn. Ọwọ́ ìkọ̀wé ara mi ni mo rí lórí páálí, réèlì kìíní àti ìkejì Lálúpọn wà láàárín wọn. Òrùlé sì ń jò sórí wọn. Lẹ́yìn àrọwà ńlá, ọ̀gá àgbà yá mi ní ẹyọ kan péré. Réèlì kìíní ni mo mú.

Súlè gbọ́. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Rìsíkátù, tó ń sin adìyẹ ní Ẹgbẹ́dá, wá bá mi nílé. Àìsàn ọ̀nà ọ̀fun ti mú Súlè. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ohùn rẹ̀ kò sì ju wúyẹ́wúyẹ́ lọ mọ́.

"Fúnmi," ó sọ ọ́ sí mi létí, "ṣé mo wà níbẹ̀?"

"Mọ́mì, ẹ má dá wọn lóhùn tí kò bá dá yín lójú," Rìsíkátù ní. "Àwọn ọmọ mi kò gbà pé Bàbá kọrin rí. Wọ́n ní ta ló máa gbọ́ orin wúyẹ́wúyẹ́."

Mo gbé tẹ́ẹ̀pù náà sórí ẹ̀rọ tí mo tọ́jú sílé. Ó ké, ó lẹ̀, ó dúró, ìyẹ̀fun pupa sì ń bọ́ lára rẹ̀. Mo yára pa ẹ̀rọ. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ohùn kò tíì kúrò níbẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó so ohùn mọ́ tẹ́ẹ̀pù ló ti mu omi inú afẹ́fẹ́. Irú tẹ́ẹ̀pù yìí ṣeé yá sí ooru kí ó lè gbẹ, bí ooru náà bá wà lójú kan, tí kò gbóná jù, fún àkókò gígùn.

Rìsíkátù wò mí. "Ooru tó wà lójú kan? Mọ́mì, ṣebí ínkúbétọ̀ nìyẹn! Àpótí tí mo fi ń sọ ẹyin di òròmọdìẹ. Mo lè gbé iná rẹ̀ sókè."

Súlè na ìka sí i. "Bí ó bá yọ òròmọdìẹ, èmi ni mo ni í o."

A kó ẹyin jáde, a fọ àpótí náà mọ́, a jẹ́ kó gbẹ dáadáa, a sì tẹ́ réèlì náà sínú rẹ̀. Èmi àti Rìsíkátù ń ṣọ́ bí ó ṣe ń gbóná, a ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Nígbà tó gbẹ tó sì tutù padà, a gbé e sórí ẹ̀rọ, mo so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà kí ó lè gba ohùn náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì tẹ bọ́tìnì.

Ohùn Ọ̀gá Àdìó ló kọ́kọ́ jáde, ó le koko, ó ń dárúkọ ìlú àti ẹgbẹ́ olórin. Gìtá bú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ohùn rẹ̀ ń gun òkè bí ohùn ajíwéré, láìmikàn, láìbẹ̀rù. Rìsíkátù fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Bàbá! Ẹ̀yin nìyí? Ẹ̀yin ni?"

Ètè Súlè ń bá orin náà lọ, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, láìsí ohùn. "Ta lo fẹ́ kó jẹ́? Gbé e sókè, mi ò gbọ́ gìtá mi dáadáa."

Ní àárín orin tó ṣe fún ìyá rẹ̀, èyí tó ń dúró dè, tẹ́ẹ̀pù tán lórí réèlì. Ìyókù wà lórí réèlì kejì.

Mo gbé ìròyìn ayọ̀ yìí lọ bá ọ̀gá àgbà. Ó ní ìgbìmọ̀ ti pinnu pé ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà mọ́ títí wọn óò fi ta ilẹ̀ náà, pé wọ́n ti tún un tì, wọ́n sì lè kó gbogbo ẹrù ibẹ̀ dànù nígbà náà. "Mà, rọ́ọ̀kì àtijọ́ ni. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?" Mo ní kó tẹ́tí, mo sì fi fóònù mi gbé Súlè sí i létí. Akọ̀wé rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó ń tẹ ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó bèèrè pé: "Àwọn wo nìyí, mà? Ibo la ti lè rí i?" Ìdáhùn nìyẹn. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ Rìsíkátù ti mọ orin náà sórí dé ibi tó já, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan tó ń ta gìtá ní Ìyànà Ọ̀fà sì ti wá bá mi pé kí n kọ́ wọn bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Mo ń ní kí wọ́n tẹ́tí sí imú fífà. Iṣẹ́ náà kò kú, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ẹ bá ní etí tó ní sùúrù, ẹ wá.

Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà àti ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò náà, ẹ mọ ara yín, n kò ní láti dárúkọ yín. N kò bèèrè owó, n kò bèèrè oyè, n kò sì bèèrè pé kí ẹ tọrọ àforíjì lórúkọ àwọn tó ṣáájú yín. Ẹ̀rọ wà nílé mi, ínkúbétọ̀ wà ní Ẹgbẹ́dá, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ sì wà. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó gbogbo tẹ́ẹ̀pù inú rẹ̀ jáde, kí a mú kí wọ́n gbẹ, kí a dà wọ́n kọ, kí a sì dá wọn padà fún yín ní pípé. Ṣùgbọ́n réèlì kejì Lálúpọn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún wa, lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí Súlè ṣì ní etí tó fi lè gbọ́ ọ.